Ọ̀nà tí Ọ́ńpáyà Kíríkẹ́ẹ̀tì Lè Gbà láti Òṣogbo dé Pápá Àgbáyé

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn olùkọ́ eré ìdárayá, àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ní Òṣogbo. Mo ti tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.)

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, torí bí wọ́n bá ti ní eré ìdárayá nílùú yìí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń wá síni lọ́kàn. Ẹ má bínú. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ sọ. N kò tilẹ̀ fẹ́ sọ nípa àwọn tó ń gbá a, bí kò ṣe nípa àwọn ọ́ńpáyà, adájọ́ eré méjì tó ń dúró lórí pápá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá. Kì í ṣe òfin eré ni ìṣòro àwọn ọ́ńpáyà ilẹ̀ tí kíríkẹ́ẹ̀tì kò tíì gbilẹ̀. Eré tí wọn yóò dúró sí ni kò tó, ẹni tí yóò sì máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ kò sí. Bí èyí kò bá yí padà, kò sí ìwé ẹ̀rí tó lè gbé ọmọ Òṣogbo dé pápá Lord's ní London.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé eré òyìnbó ni. Ní 20 January 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 19 borí New Zealand ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tó wáyé ní Malaysia. Òjò ti gé eré náà kù sí óvà 13, bọ́ọ̀lù mẹ́fà mẹ́fà. Ráànù, ìyẹn àmì ayò, 65 la ní, 63 ni tiwọn. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní November 2024, àwọn ọkùnrin wa kó ráànù 271 jọ ní pápá Tafawa Balewa Square l'Ékòó, wọ́n sì lé gbogbo ẹgbẹ́ Ivory Coast jáde fún ráànù 7 péré. Kò sí iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí nínú eré T20, ìyẹn eré óvà ogún fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti àwọn ọkùnrin láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ń gòkè. Àmọ́ bí agbábọ́ọ̀lù bá gòkè, kì í fa ọ́ńpáyà lọ́wọ́ dání. Ẹgbẹ́ tó bá borí nínú ìdíje ti gba ìwé ìwọlé síbi tó kàn nìyẹn. Ní ti ọ́ńpáyà, àwọn kan ní láti jókòó síbì kan, kí wọ́n wo iye eré tó ti dúró sí àti bó ṣe ṣe é, kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà hàn yín, torí àwọn tí kò ṣe é rí rò pé ìdúró lásán ni.

Ọ́ńpáyà dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta tó wà lápá ibi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń kà. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù kan, á kó òkúta kan láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, torí bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló pé óvà kan, kò sì gbọdọ̀ ṣì í kà. Ẹni tó fẹ́ jù ú sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ni ojú ọ́ńpáyà kọ́kọ́ wà, níbi tí ẹsẹ̀ iwájú ẹni náà yóò balẹ̀ sí, bóyá ó kọjá ìlà. Kó tó ṣẹ́jú, ojú ti gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kó sì bá bọ́ọ̀lù lọ. Yáàdì 22, bíi mítà 20, ló wà láàárín igi ìhín àti igi ọ̀hún. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré 140 kìlómítà láàárín wákàtí kan kì í lo ìṣẹ́jú àáyá kan tán lójú ọ̀nà. Bí àbọ̀ rẹ̀ ni.

Bọ́ọ̀lù wá ba ẹni tó ń lu lẹ́sẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà káàkiri pápá kígbe mọ́ ọ́ńpáyà lójú. Ohun tó gbọ́dọ̀ ti rí nìyí: níbo ni bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ balẹ̀? Ṣé kò balẹ̀ síta lápá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹni tó ń lu, nítorí bó bá balẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán? Níbo gan-an ló ti ba ẹsẹ̀? Ṣé igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ kàn? Bí ẹsẹ̀ yẹn kò bá dínà, ṣé ì bá lu igi mẹ́ta náà àbí ì bá fò ó kọjá? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló le jù, torí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ní kó dá ẹjọ́ lé lórí. LBW lorúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, Òfin 36 sì ni. Òfin 31 wá fi èyí tó dùn mọ́ mi jù kún un: bí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè, ọ́ńpáyà kò gbọdọ̀ lé ẹni náà jáde, kódà bó rí i kedere pé ó yẹ kó jáde. Ẹjọ́ tí wọn kò pè, kì í dá a.

Òfin méjìlélógójì ló wà lápapọ̀. Ẹgbẹ́ MCC ní London ló ń tọ́jú rẹ̀ láti 1788, èyí tí a ń lò báyìí sì jáde ní 2017. Ẹni tó bá mọ̀wé kà á kà á tán kí ọ̀sẹ̀ kan tó parí. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ nílùú yìí tí wọ́n lè ka Òfin 36 fún yín láìwo ìwé, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dúró lẹ́yìn igi, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n. Ìlú aró nìlú wa, ẹ mọ̀ pé aláró kì í fẹnu mọ ìgbà tí aró pọ́n. Ó ní láti ti ọwọ́ bọ ìkòkò. Ìgbà tí ojú bá ti rí bọ́ọ̀lù tó ń ba ẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ló tó ń mọ èyí tí yóò lu igi yàtọ̀ sí èyí tí yóò fò lọ. Àwọn ọ̀dọ́ London rí irú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án. Mélòó ni tiwa ń rí?

Bí wọ́n ṣe ń gòkè, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ICC, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé. Lẹ́yìn ìyẹn, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè ẹni ló kàn, pẹ̀lú ìdánwò àti eré abẹ́lé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ẹni tí wọ́n bá rí pé ó dára lè wọ inú àwọn tí ICC ń pè ní Development Panel. Òkè ìyẹn ni International Panel wà, lókè pátápátá sì ni Elite Panel, àwọn tó ń dúró sí eré Test ọlọ́jọ́ márùn-ún àti àwọn eré ńlá nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Ibi tí ọ̀nà ti dí nìyí o. Àwọn àjọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kíkún nínú ICC ló ń yan ọ́ńpáyà sínú International Panel, àwọn méjìlá péré sì ni wọ́n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù, tí Nàìjíríà wà lára wọn, lé ní 90. Nínú àtòjọ Elite Panel ti 2025, ọ́ńpáyà méjìlá ló wà níbẹ̀, kò sì tíì sí ẹyọ kan rí tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó lé ní 90 yìí. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ torí àwọn tó máa ń wá ṣe ìwúrí fún àwọn ọ̀dọ́ wa kì í sọ ọ́, ọmọ á sì máa rò pé òun ló yọ̀lẹ.

Kódà, kì í yá fún àwọn tó ti di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún. Ọdún 2000 ni Bangladesh gba àṣẹ láti máa gbá Test. Ní March 2024 ni Sharfuddoula Ibne Shahid Saikat di ọmọ Bangladesh àkọ́kọ́ tó wọ Elite Panel. Ọdún mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti ń dúró sí eré àgbáyé láti 2010. Àrùn Kòrónà ló tún ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: láti 2002, òfin ni pé àwọn ọ́ńpáyà méjèèjì nínú eré Test kò gbọdọ̀ wá láti orílẹ̀-èdè tó ń gbá a. Àwa Yorùbá náà mọ ìdí rẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, ọmọ onílé tó sì ń dá ẹjọ́ onílé, ojú tí wọ́n fi ń wò ó kì í mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú dáwọ́ dúró ní 2020, ICC gbà kí àwọn ọ́ńpáyà ilé máa dúró. Báyìí ni Saikat ṣe dúró sí Test àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Chattogram ní February 2021. Ọdún náà ni Langton Rusere ti Zimbabwe náà dúró sí tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí eré dúró sí ni ayé ṣe rí wọn. Ọgbọ́n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ wọ́n lórí lọ́dún 2021. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ní 30 December 2024, Saikat ni ọ́ńpáyà kẹta nílùú Melbourne, Ọsirélíà sí Íńdíà, ọjọ́ tí eré yóò parí. Ọ́ńpáyà kẹta ni ẹni tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Yashasvi Jaiswal ti Íńdíà na igi rẹ̀ sí bọ́ọ̀lù, ẹni tó wà lẹ́yìn igi mẹ́ta gbá a mú; ìbéèrè ni bóyá bọ́ọ̀lù kan igi ọwọ́ Jaiswal tàbí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Joel Wilson tó wà lórí pápá ní kò jáde. Àwọn ará Ọsirélíà ní kí wọ́n wò ó. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró kò gbọ́ nǹkan kan; ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n Saikat wo àwòrán, ó rí i pé bọ́ọ̀lù náà yà kúrò lójú ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ nígbà tó kọjá lára igi ọwọ́ rẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Ó lé e jáde. Ariwo ta. Àwọn ará Íńdíà bínú, wọ́n sì pàdánù eré náà. Ẹ ronú sí i: ọmọ Bangladesh, oṣù mẹ́sàn-án péré lórí Elite Panel, pápá tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kún, ẹ̀rọ dákẹ́, ó sì gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́. Lójú tèmi, ó dá ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì rí eré púpọ̀ kò lè ṣe é; abẹ́ ẹ̀rọ ni yóò sá pamọ́ sí.

Ẹni tí mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ni Steve Bucknor, ará Jàmáíkà. Olùkọ́ ni, rẹfirí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sì ni pẹ̀lú, tó dá eré ìpegedé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ní 1989 ló dúró sí Test àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní 1992, wọ́n ti fi í sí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, márùn-ún tó sì tẹ̀ léra wọn ló dúró sí títí di 2007. Òun ni ọ́ńpáyà àkọ́kọ́ tó dúró sí 100 Test. 128 ló fi parí. Bí wọ́n bá kígbe mọ́ ọn, kì í dáhùn kíá. Á dúró. Á tún bọ́ọ̀lù náà wò lọ́kàn rẹ̀, orí á máa mì díẹ̀díẹ̀, ìka tó fi ń lé èèyàn jáde á wá gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ikú Pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yára gbé ìka, ẹ gbọ́ o!

Ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn rẹ̀. Ní January 2008, lẹ́yìn Test kan ní Sydney tí àwọn ẹjọ́ kan kò tọ̀nà, Íńdíà fárígá, ICC sì yọ Bucknor kúrò nínú Test tó kàn ní Perth. Àwọn àṣìṣe náà wà, n kò ní bo ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé pọ̀ lọ́wọ́ Íńdíà ju ibikíbi lọ, gbogbo èèyàn ló sì rí ohun tí ìyẹn lè ṣe. Ọ́ńpáyà tó bá wá láti ilẹ̀ tí kò lówó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá ṣì í, ẹni tí yóò gbèjà òun kò pọ̀. Àní nínú àtòjọ Elite Panel tí wọ́n gbé jáde ní 2025, kò sí ẹnì kan láti West Indies, àwọn erékùṣù tí Jàmáíkà, ilẹ̀ Bucknor gan-an, wà lára wọn. Joel Wilson, ẹni ti Melbourne yẹn, ni ará ibẹ̀ tí wọ́n yọ gbẹ̀yìn.

Ilẹ̀kùn kan ṣí ní tiwa, ó sì ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní 2018, ICC pinnu pé eré T20 láàárín orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí yóò máa wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí eré àgbáyé: ti obìnrin láti July 2018, ti ọkùnrin láti January 2019. Kó tó di ìgbà náà, ọ́ńpáyà lè dúró láàárín Nàìjíríà àti Rùwáńdà kó má sì sí àkọsílẹ̀ rẹ̀ níbi tí ẹni tó ń yan ọ́ńpáyà yóò ti rí i. Ní January 2019, àwọn obìnrin wa gbá T20 àgbáyé àkọ́kọ́ wọn ní Abuja, pẹ̀lú Rùwáńdà. Àwọn ọkùnrin gbá tiwọn ní Kampala ní May ọdún kan náà. Ní báyìí, gbogbo irú eré bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ọ́ńpáyà lábẹ́ rẹ̀, títí láé.

Rùwáńdà ló yẹ ká máa wò, kì í ṣe Ẹ́ńgílándì. Wọ́n ṣí pápá Gahanga lẹ́bàá Kigali ní 2017, láti ìgbà náà ni ìdíje ti ń rọ́ lọ síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Pápá ló mú eré wá, eré sì ló ń sọ ọmọ ilé di ọ́ńpáyà. N kò ní ká lọ bẹ ìjọba pé kó kọ́ irú rẹ̀ fún wa ní Òṣogbo lọ́la. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni mo ń sọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò gbọdọ̀ sí eré ilé ìwé kankan tí ẹnì kan péré yóò máa dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọ́ńpáyà méjì ni òfin wí, kódà bó jẹ́ bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì la fi ń gbá a, tí igi mẹ́ta náà sì jẹ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀. Ìkejì, ẹ fi fóònù yín sí ẹ̀yìn ọ́ńpáyà, kí ẹ so ó mọ́ igi kan ní ìwọ̀n èjìká rẹ̀, kí ó máa ká eré sílẹ̀. Lẹ́yìn eré, ẹ jókòó ti fóònù náà, kí ọ́ńpáyà sọ ohun tó rí kó tó wo ohun tí fóònù rí. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé: bọ́ọ̀lù wo, ìpinnu wo, kí ni fóònù sọ. Àwọn Elite Panel ní àwọn tó ń yẹ gbogbo ìpinnu wọn wò lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Fóònù táṣẹ́rẹ́ kan ni tiwa, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọ̀rẹ́ máa sọ fún ọ̀rẹ́ pé "o gbìyànjú" lọ. Mo ti rí ọmọ kan tó ń lé èèyàn jáde ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ba orúnkún. Fóònù ló fi hàn án pé bọ́ọ̀lù tó ga tó orúnkún lójú ilẹ̀ líle ibí yìí, orí igi ló ń gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ mi kò wọ̀ ọ́ létí títí tó fi rí i.

Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e kò kéré, ẹ jẹ́ kí n dáhùn díẹ̀ níbí.

Ìyá kan bèèrè bóyá ọmọbìnrin òun tí kò gbá kíríkẹ́ẹ̀tì rí lè ṣe é. Claire Polosak ti Ọsirélíà kò gbá a rí. Ó tilẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọ́ńpáyà kó tó yege. Ní April 2019, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dúró láàárín pápá nínú eré ọlọ́jọ́ kan àwọn ọkùnrin láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, Namibia sí Oman, ní Windhoek. Ẹ kíyè sí i, Mà, pé kì í ṣe eré àwọn olówó ni. Ọ̀nà yìí tilẹ̀ yá fún obìnrin ju ọkùnrin lọ báyìí, torí ICC ń wá wọn, wọn kò sì tíì pọ̀.

Bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ rọra bèèrè bóyá ẹni tó ti lé lógójì kò ti pẹ́ jù. Bucknor ti pé ọmọ ọdún 42 lọ́jọ́ Test àkọ́kọ́ rẹ̀, sà. Ẹ tọ́jú ojú àti orúnkún yín.

Ìbéèrè owó ló gbẹ̀yìn, òun ló sì gba àkókò jù. Owó gidi wà fún àwọn méjìlá òkè yẹn. Nísàlẹ̀, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ wá. Ìdíje kan wà tí n kò ní dárúkọ tó ṣì jẹ mí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má fi sílẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ bá a mu torí ọ̀pọ̀ ìdíje máa ń bọ́ sí ìgbà ìsinmi, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé tó wà níbí, bí àjọ bá kọ lẹ́tà pé àwọn fẹ́ olùkọ́ yín fún ọjọ́ márùn-ún ní Abuja tàbí Benin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tó bá dé. Bó bá pẹ́ lórí tábìlì yín, ẹlòmíràn ni wọn yóò pè, eré yẹn á sì wọ ìwé lórúkọ ẹlòmíràn.